Ṣé àyíká gálásì ló ń pinnu ìwúwo àwọn ìràwọ̀ tuntun?

ÌBÉÈRÈ

Iṣẹ́ àṣekágbá mi ní yunifásítì dá lé iye ìràwọ̀ tí àwọn gálásì inú ìṣùpọ̀ Virgo ń bí lọ́dọọdún. Alábòójútó mi ní kí n lo ìpín ìwúwo kan ṣoṣo (ìyẹn bí iye ìràwọ̀ tí a ń bí ṣe pín sí ìwúwo kọ̀ọ̀kan) fún gbogbo wọn, èyí tí Kroupa ṣírò, kí n má sì da ara mi láàmú. Ṣùgbọ́n mo ti ka ibi tí wọ́n ti sọ pé àwọn gálásì inú ìṣùpọ̀ ńlá máa ń bí ìràwọ̀ kéékèèké ju àwọn tó dá wà lọ, mo sì ti ka ibòmíràn tí wọ́n ti sọ pé ibi tí ìbí ìràwọ̀ bá ti gbóná jù ni ìràwọ̀ ńláńlá ti ń pọ̀ jù. Ọ̀rọ̀ méjèèjì kò bára mu létí mi. Ṣé àyíká gálásì ló ń pinnu bí àwọn ìràwọ̀ rẹ̀ tuntun yóò ṣe wúwo tó? Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí gbogbo ayé ń lo nọ́ńbà kan náà? Ẹ ṣàlàyé fún mi, ẹ jọ̀wọ́, nítorí ó di dandan kí n gbèjà ohun tí mo bá kọ.

* * *

ÌDÁHÙN

Alábòójútó yín kò ṣìnà, ṣùgbọ́n ìdí tí kò fi ṣìnà yàtọ̀ sí èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń sọ. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí gbogbo wa fọwọ́ sí kí a tó dé ibi àríyànjiyàn.

Nígbà tí ìkùukùu gáàsì bá wó sínú ara rẹ̀, ó máa ń fọ́ sí wẹ́wẹ́, àwọn wẹ́wẹ́ náà kì í sì í dọ́gba. Àwọn tó kéré ló máa ń pọ̀, àwọn ńlá a sì ṣọ̀wọ́n. Edwin Salpeter, ẹni tí a bí ní Vienna tí ìdílé rẹ̀ sá fún ìjọba Násì lọ sí Ọsirélíà, ni ó fi nọ́ńbà gúnlẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 1955. Nọ́ńbà rẹ̀ ni 2.35. Ohun tí ó túmọ̀ sí nìyí: bí a bá to àwọn ìràwọ̀ sí ọ̀wọ́, tí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan wúwo ní ìlọ́po 10 ju èyí tó ṣáájú rẹ̀ lọ, iye ìràwọ̀ inú ọ̀wọ́ yóò máa dín kù ní nǹkan bí ìlọ́po 22. Pavel Kroupa ní 2001 àti Gilles Chabrier ní 2003 wá fi hàn pé ìlà Salpeter kò bá a dé ìsàlẹ̀. Bí a bá ti sọ̀kalẹ̀ kọjá nǹkan bí ìdajì ìwúwo òòrùn, ìbísí àwọn kéékèèké kò le tó bí Salpeter ṣe fà á mọ́, títí a ó fi dé 0.08 ìwúwo òòrùn, níbi tí ohun tí a bí kò ti lágbára láti máa jó háídrójìn nínú ara rẹ̀.

Nínú ìṣirò Kroupa, nǹkan bí mẹ́ta nínú ìràwọ̀ mẹ́rin ni kò tó ìdajì òòrùn, àwọn tó lé ní ìlọ́po 8 ìwúwo òòrùn kò sì tó ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún. Síbẹ̀, àwọn díẹ̀ wọ̀nyí ni wọ́n ń kó ìdá kan nínú márùn-ún gbogbo ìwúwo tí a bí, àwọn náà ló sì ń pèsè èyí tó pọ̀ jù nínú ìmọ́lẹ̀ tí ẹ ó fi ka ìbí ìràwọ̀ ní Virgo. Èyí ni pé ìràwọ̀ tí ẹ kò rí ni ẹ fẹ́ kà, láti ara èyí tí ẹ rí. Ìpín ìwúwo nígbà ìbí yìí, tí mo máa pè ní ìpín ìbí láti ìhín lọ, ni afárá tó wà láàárín méjèèjì.

Èrò tèmi nìyí, kí ẹ lè mọ ibi tí mo dúró sí kí ẹ tó ka ìyókù. Kò tíì sí ẹ̀rí tó múná dóko pé wíwà nínú ìṣùpọ̀ tàbí dídá wà ló ń yí ìpín ìbí padà. Ẹ̀rí wà, bí ó tilẹ̀ ní àbùkù tirẹ̀, pé ipò gáàsì tí a ti bí ìràwọ̀ lè yí i padà ní ibi tí ipò náà bá ti le koko. Ohun tí ìṣùpọ̀ ń ṣe gan-an ni pé ó ń yí ìgbà tí a bí ìràwọ̀ àti iye tí a bí padà, àwa a sì máa ṣi èyí kà sí ìyípadà nínú ìwúwo wọn.

* * *

Láti ìgbà tí mo ti kọ èyí tó wà lókè, àwọn mẹ́ta ti dá mi lóhùn pé ọ̀rọ̀ ìṣùpọ̀ ti parí láti 2010, pé ìṣùpọ̀ ló ń mú kí ìràwọ̀ kéékèèké pọ̀. Kò parí o. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ní 2010, Pieter van Dokkum àti Charlie Conroy tú ìmọ́lẹ̀ gálásì mẹ́jọ onírìísí ẹyin ká, mẹ́rin láti inú ìṣùpọ̀ Virgo àti mẹ́rin láti inú ìṣùpọ̀ Coma. Wọ́n rí àmì pé ìràwọ̀ aràrá, ìyẹn àwọn tí kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta ìwúwo òòrùn, pọ̀ nínú wọn ju bí wọ́n ti pọ̀ nínú gálásì tiwa lọ. Ìròyìn náà tàn káàkiri. Nítorí pé inú ìṣùpọ̀ ni gbogbo mẹ́jọ wà, kíá ni àwọn kan ti di ẹ̀bi ru ìṣùpọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn gálásì tí ó wúwo jù, tí àwọn ìràwọ̀ inú wọn sì ń sáré jù, ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ yàn, inú ìṣùpọ̀ sì ni irú wọn máa ń pọ̀ sí. Ẹni tó bá yẹ irú gálásì bẹ́ẹ̀ wò kò lè dá ìwà gálásì mọ̀ yàtọ̀ sí ìwà àdúgbò rẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ dá wọn mọ̀ yàtọ̀ gbọ́dọ̀ mú àwọn gálásì tí ìràwọ̀ inú wọn ń sáré bákan náà, kí ó pín wọn sí èyí tó jẹ́ olórí àdúgbò, èyí tó jẹ́ ọmọ ẹ̀yìn, èyí tó wà nínú ìṣùpọ̀ tó wúwo àti èyí tó wà nínú agbo kékeré, kí ó tó fi wọ́n wé ara wọn. Rosani àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe èyí ní 2018 pẹ̀lú àkójọ ìmọ́lẹ̀ láti Sloan Digital Sky Survey, iṣẹ́ ńlá kan tó ń ya àwòrán ojú ọ̀run. Àwọn aràrá ń pọ̀ sí i bí eré àwọn ìràwọ̀ inú gálásì ṣe ń pọ̀ sí i, gẹ́gẹ́ bí àwọn tó ṣáájú ti wí. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n di eré náà mú lójú kan tí wọ́n sì yí àdúgbò padà, ìpín ìbí kò mì. Lójú tèmi, iṣẹ́ yìí ló sún mọ́ ìbéèrè yín jù lọ nínú gbogbo èyí tí mo ti kà, ó sì yà mí lẹ́nu pé àwọn tó ń pariwo 2010 kì í dárúkọ rẹ̀.

* * *

Arákùnrin kan béèrè pé báwo ni ẹnikẹ́ni ṣe lè mọ iye aràrá tó wà nínú gálásì tó jìnnà tó mílíọ̀nù 50 ọdún ìmọ́lẹ̀, nígbà tí kò sí awò awọ̀nàjíjìn tó lè yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ìbéèrè gidi nìyẹn. Iṣẹ́ náà dà bí ìgbà tí ènìyàn dúró lẹ́yìn odi agbo ijó, tí ó fẹ́ mọ iye ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ tó wà nínú agbo nígbà tí bàtá àti dùndún ń dún. Ìràwọ̀ òmìrán, níhìn-ín àwọn ìràwọ̀ tó ti gbó tí wọ́n sì wú, ló ń tan ìmọ́lẹ̀ gálásì ogbó. Ìdá díẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún ni ti aràrá. Ṣùgbọ́n ojú aràrá fún pọ̀ ju ojú òmìrán lọ nítorí òòfà ojú rẹ̀ (agbára tí ìwúwo fi ń fa nǹkan mọ́ra) le, àwọn ìlà dúdú kan nínú ìmọ́lẹ̀ tí a tú ká sì máa ń jinlẹ̀ lára ọ̀kan ju èkejì lọ. Ìlà méjì ti sódíọ̀mù tó wà nítòsí 8190 ångström (ìwọ̀n gígùn ìgbì ìmọ́lẹ̀) jẹ́ ọ̀kan; èyí tí háídrójìn tó lẹ̀ mọ́ irin ń fà nítòsí 9916, tí wọ́n ń pè ní Wing-Ford, jẹ́ òmíràn.

Èmi náà ti fi ọwọ́ kan irú ìmọ́lẹ̀ yìí, mo sì lè sọ fún yín pé àríyànjiyàn tó wà nínú ìwé kò tó èyí tó wà lórí kọ̀ǹpútà. Àwọn ìlà omi inú afẹ́fẹ́ ayé wa ń jókòó lé ibi tí sódíọ̀mù wà. Bí ìrọ̀lẹ́ bá ní ọ̀rinrin díẹ̀ lórí òkè tí awò wà, bí ẹ ṣe yọ omi náà kúrò lè tóbi ju àmì tí ẹ ń wá lọ. Ìyẹn nìkan kọ́. Àwọn gálásì ńlá wọ̀nyí ní sódíọ̀mù púpọ̀ nínú ara wọn gan-an, ìlà rẹ̀ yóò sì jinlẹ̀ yálà aràrá pọ̀ tàbí kò pọ̀. Wing-Ford kò ní ìyọnu sódíọ̀mù, ṣùgbọ́n ní Coma, eré tí gálásì ń bá lọ ti tì í kọjá 10,000 ångström, níbi tí ọ̀pọ̀ kámẹ́rà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́jú. Mo ti rí i tí ẹni méjì mú àkójọ ìmọ́lẹ̀ kan náà, tí wọ́n sì yọ ìpín ìbí méjì jáde, torí pé ọ̀kan fàyè gba sódíọ̀mù láti yí padà, èkejì sì dì í mú.

* * *

“Ẹ fi ìlà sílẹ̀, ẹ fi òòfà wọ̀n wọ́n.” Ẹ̀gbọ́n tó kọ èyí lẹ́yìn mi sọ ohun tó dára, nítorí òòfà kì í bìkítà fún sódíọ̀mù. Ṣùgbọ́n òòfà ní tirẹ̀.

Ní 2012, Michele Cappellari àti àwọn ẹgbẹ́ ATLAS3D wo gálásì 260. Wọ́n fi eré àwọn ìràwọ̀ mọ ìwúwo gálásì, wọ́n fi í wé ìmọ́lẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì rí i pé bí gálásì ṣe wúwo sí i fún ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ kan náà, bẹ́ẹ̀ ni ìpín ìbí rẹ̀ ń kúrò ní ti Kroupa lọ sí ti Salpeter, ó sì ń kọjá rẹ̀ nígbà mìíràn. Ó jọ pé ó ti tì 2010 lẹ́yìn. Àmọ́, ìwúwo tó pọ̀ ju ìmọ́lẹ̀ lọ lè wá láti ọ̀dọ̀ aràrá tí kì í tan yòò, ó sì lè wá láti ọ̀dọ̀ òkú ìràwọ̀ ńláńlá, ìyẹn ihò dúdú àti ìràwọ̀ níútírọ́ọ̀nù, tí kì í tan rárá. Aràrá púpọ̀ àti òmìrán púpọ̀ (àwọn ìràwọ̀ ńláńlá ni mo ń pè ní òmìrán láti ìhín lọ) jẹ́ ìdáhùn méjì tó dojú kọ ara wọn, òòfà kò sì mọ èyí tí í ṣe. Ẹ tún fi èròjà òkùnkùn kún un, tí ó wúwo tí kò sì ní ìmọ́lẹ̀ kankan.

Lẹ́yìn náà ni ESO 325-G004 dé. Gálásì onírìísí ẹyin ni, ó wúwo gidigidi, ó sì jókòó sí àárín ìṣùpọ̀ tirẹ̀, nítorí náà bí a bá tẹ̀lé ọ̀rọ̀ 2010, ó yẹ kí aràrá kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Òòfà rẹ̀ ń tẹ ìmọ́lẹ̀ gálásì mìíràn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ po, ó sì ń fi í ṣe òrùka yí ara rẹ̀ ká. Fífẹ̀ òrùka náà ń sọ ìwúwo tó wà nínú rẹ̀ láìsí àníàní púpọ̀. Russell Smith àti John Lucey ní Yunifásítì Durham wọ̀n ọ́n ní 2013, ìwúwo tí wọ́n bá níbẹ̀ sì bá ti Kroupa mu. Kò sí àyè fún àpọ̀jù aràrá. Ní 2014, Smith tún kó àwọn gálásì tí ọ̀nà méjèèjì ti jọ wò síbì kan, ó sì rí i pé àwọn tí ìlà sọ pé aràrá wọn pọ̀ kì í ṣe àwọn tí òòfà sọ pé wọ́n wúwo jù. Ọ̀nà méjèèjì gbà pé nǹkan ń yí padà ní gbogbogbòò, ṣùgbọ́n nígbà tí a bá mú gálásì kọ̀ọ̀kan, wọn kò gbọ́ ara wọn. Ẹ ro bí èyí ti burú tó.

Ohun tó pẹ̀tù sí i díẹ̀ ni pé àpọ̀jù aràrá, níbi tí ó bá wà, àárín gbùngbùn gálásì ló sábà máa ń wà. Ignacio Martín-Navarro fi èyí hàn ní 2015, wọ́n sì rí irú rẹ̀ nínú gálásì M87 tó wà láàárín Virgo yín náà. Bí a bá jáde kúrò láàárín lọ sí ẹ̀bá, ìpín ìbí a padà sí bíi ti ilé wa. Àárín yẹn ni a bí kíákíá ní ìgbà láéláé. Ẹ̀bá rẹ̀ jẹ́ àwọn gálásì kéékèèké tí ó gbé mì lẹ́yìn náà. Níhìn-ín ni mo gbà pé àdúgbò ní ọwọ́ nínú rẹ̀: gálásì tó ní aládùúgbò púpọ̀ á gbé púpọ̀ mì, àròpọ̀ rẹ̀ á sì yí padà, láìjẹ́ pé ìràwọ̀ kankan yí ìwúwo padà nígbà ìbí.

* * *

Ní ti ẹni tó ní kí a fi àkíyèsí sílẹ̀ kí a ronú nípa bí gáàsì ṣe ń wó: ìrònú náà kò yanjú ọ̀rọ̀ bí ẹ ṣe rò.

Ìwọ̀n tí wẹ́wẹ́ ìkùukùu gbọ́dọ̀ ní kí òòfà tó borí ìgbóná rẹ̀, èyí tí James Jeans ṣírò, ń ga bí ìgbóná bá ga, ó sì ń dín bí gáàsì bá fún pọ̀. Bí ìgbóná bá di ìlọ́po 4, ìwọ̀n náà á di ìlọ́po 8. Àwọn ènìyàn máa ń dúró síbí, wọn a sì sọ pé ibi gbígbóná ń bí ìràwọ̀ ńlá. Ṣùgbọ́n bí fífúnpọ̀ gáàsì bá di ìlọ́po 64 lẹ́ẹ̀kan náà, ìwọ̀n náà á padà sí ibi tó ti wá. Ibi tí ìbí ìràwọ̀ ti ń ru gùdù, ó gbóná, ó sì fún pọ̀. Èwo ni yóò borí? Ìyẹn ni ìdí tí ẹ fi ka ìwé méjì tó ta ko ara wọn, tí àwọn òǹkọ̀wé méjèèjì sì fi gbogbo ẹnu sọ pé Jeans ló ń ṣe ẹlẹ́rìí àwọn. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ fi ìṣirò yìí gbe ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ nọ́ńbà méjèèjì, kì í ṣe ọ̀kan.

* * *

Ibi tí a ti lè ka ìràwọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ìtùnú mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ibẹ̀ pàápàá ní wàhálà.

Ìdì ìràwọ̀ Arches wà nítòsí ihò dúdú àárín gálásì wa, ní nǹkan bí 26,000 ọdún ìmọ́lẹ̀ sí wa. Gáàsì agbègbè yẹn gbóná ju ti àdúgbò òòrùn lọ, ó sì fún pọ̀ jù ú lọ. Láti ìparí àwọn ọdún 1990 ni wọ́n ti ń sọ pé ìràwọ̀ ńlá pọ̀ jù níbẹ̀. Àwọn alátakò fèsì pé ìràwọ̀ tó wúwo máa ń rì sí àárín ìdì, àwọn kéékèèké a sì lọ sí ẹ̀bá, nítorí náà ẹni tó bá ka àárín nìkan yóò bá òmìrán nìkan pàdé. Àtakò náà tọ̀nà, ó sì mú kí àwọn kan fẹ̀ ibi tí wọ́n ń kà. Ní 2019, Hosek àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lo awò Hubble láti fi ìrìn àwọn ìràwọ̀ yan àwọn ọmọ ìdì sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tó kàn wà lójú ọ̀nà, wọ́n sì rí nǹkan bí 1.8 dípò 2.35. Ìyàtọ̀ náà dín kù sí ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kò pòórá.

Èkejì ni 30 Doradus nínú Ìkùukùu Magellan Ńlá, gálásì kékeré tó ń yí tiwa ká ní nǹkan bí 160,000 ọdún ìmọ́lẹ̀, tí èròjà wúwo inú rẹ̀ (àwọn tó wúwo ju hílíọ̀mù lọ) tó nǹkan bí ìdajì ti òòrùn. (Láti gúúsù Nàìjíríà, ìkùukùu yìí máa ń yọ sókè díẹ̀ ní apá gúúsù ojú ọ̀run ní alẹ́ oṣù Kejìlá àti oṣù Kìíní. Ìgbà ọyẹ́ gan-an nìyẹn, eruku kì í sì í jẹ́ kí a gbádùn rẹ̀.) Fabian Schneider àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kéde ní 2018 pé láàárín àwọn ìràwọ̀ tó wúwo láti ìlọ́po 15 sí 200 òòrùn, nọ́ńbà náà jẹ́ nǹkan bí 1.9. Ẹ padà sí ọ̀wọ́ ìlọ́po 10 tí mo sọ lákọ̀ọ́kọ́: dípò kí iye máa dín kù ní ìlọ́po 22, ìlọ́po 8 péré ni yóò fi máa dín kù. Ìyẹn kì í ṣe ìyàtọ̀ kékeré fún ẹni tó ń ka ìràwọ̀ tó máa bú gbàù.

Àtakò wà fún èyí pẹ̀lú. Ìràwọ̀ ńlá kì í sábà dá gbé. Iṣẹ́ Hugues Sana ní 2012 fi hàn pé èyí tó lé ní 70 nínú ọgọ́rùn-ún wọn yóò pààrọ̀ gáàsì pẹ̀lú èkejì wọn tàbí kí wọ́n gbé ara wọn mì. Méjì tó di ọ̀kan yóò dà bí ọ̀kan tó wúwo tó sì kéré lọ́jọ́ orí. Mo gbà pé èyí lè gé díẹ̀ kúrò nínú ìyàtọ̀ náà. N kò gbà pé ó lè gé gbogbo rẹ̀, nítorí ìdì ìràwọ̀ Orion àti àwọn mìíràn ní àdúgbò wa ní ìbejì tiwọn náà, a kò sì rí 1.9 níbẹ̀.

* * *

Ọ̀rọ̀ ṣókí lórí ẹ̀bá gálásì, nítorí ẹnì kan béèrè bóyá ìpín ìbí yí padà níbẹ̀.

Ní 2005, awò GALEX rí ìmọ́lẹ̀ ultraviolet (èyí tí ojú ènìyàn kò lè rí) láti ọ̀dọ̀ àwọn ìràwọ̀ tuntun ní ìta gbalasa gálásì M83, ibi tí gáàsì ti fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí a kò retí pé ohunkóhun lè bí níbẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ pupa Hα, tí àwọn òmìrán nìkan ń tàn, ṣọ̀wọ́n níbẹ̀. Àwọn tó tẹ̀lé èrò Kroupa àti Weidner sọ pé ìdì kékeré kò lè bí ìràwọ̀ ńlá rárá, gẹ́gẹ́ bí òfin. Àwọn kejì sọ pé kò sí òfin kankan, pé bí a bá bí ìràwọ̀ díẹ̀, ó ṣòro kí òmìrán ṣẹlẹ̀ sí i, bí ó bá sì ṣẹlẹ̀, kì í pẹ́ kú. Ọ̀nà láti mọ ẹni tó jàre ni kí a kó gbogbo ìdì kékeré náà pọ̀ kí a sì ka àròpọ̀ wọn. Jin Koda àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú awò Subaru ní 2012, àròpọ̀ náà sì bá ìpín ìbí gbogbogbòò mu. Ọ̀dọ̀ àwọn kejì ni mo wà.

* * *

Ẹni tó béèrè bóyá ìpín ìbí yàtọ̀ nínú àwọn gálásì ìgbà láéláé: ẹ̀rí tó dùn mọ́ mi jù kò ka ìràwọ̀ rárá. Àwọn Zhang Zhi-Yu lo awò ALMA ní Chile ní 2018 láti wo irú kábọ́ọ̀nù kan àti irú ọ́síjìn kan nínú gáàsì gálásì mẹ́rin tó jìnnà réré tí ìbí ìràwọ̀ ti ń ru gùdù nínú wọn. Kábọ́ọ̀nù 13 ń wá ní pàtàkì láti ọ̀dọ̀ àwọn ìràwọ̀ tí kò tóbi púpọ̀, ọ́síjìn 18 sì ń wá láti ọ̀dọ̀ àwọn òmìrán. Nínú gálásì tiwa, àmì ti àkọ́kọ́ borí ti èkejì dáadáa. Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọ̀nyí, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Eruku kò lè bo èyí mọ́lẹ̀, èyí ló sì mú kí n gbà á gbọ́ ju ọ̀pọ̀ àwọn mìíràn lọ.

Ní ti àwọn gálásì àkọ́kọ́ tí awò James Webb ń rí láti 2022, tí ìmọ́lẹ̀ wọn pọ̀ ju bí a ti retí lọ, àwọn kan sọ pé òmìrán pọ̀ nínú wọn. Ó ṣeé ṣe. Ìgbóná tó kù láti ìbẹ̀rẹ̀ àgbáyé, tí ó jẹ́ 2.7 kelvin lónìí, jẹ́ nǹkan bí 30 nígbà tí àgbáyé kéré ní ìlọ́po 11 sí ti òní, kò sì sí ìkùukùu tó lè tutù ju bẹ́ẹ̀ lọ, nígbà tí ìkùukùu àdúgbò wa lónìí ń tutù dé nǹkan bí 10. Ṣùgbọ́n fífúnpọ̀ gáàsì ìgbà náà ga pẹ̀lú, ẹ sì rántí ìlọ́po 64.

* * *

Ó tó kí n padà sórí iṣẹ́ àṣekágbá yín.

Ẹnì kan kọ̀wé sí yín pé kí ẹ lo Salpeter fún àwọn gálásì àárín Virgo àti Kroupa fún àwọn ẹ̀bá. Ẹ má ṣe é. Fún ìmọ́lẹ̀ kan náà, Salpeter máa fún yín ní iye tó tó nǹkan bí ìlọ́po kan àtààbọ̀ ti Kroupa, ẹ ó sì ti fi ọwọ́ ara yín dá ìyàtọ̀ àárín àti ẹ̀bá sílẹ̀ kí ẹ tó wọn ohunkóhun. Ẹ̀rí aràrá tí wọ́n ń tọ́ka sí jẹ́ ti gálásì ogbó tí kò bímọ mọ́. Àwọn tiyín ṣì ń bímọ. Òótọ́ ni pé nǹkan lè yí padà nínú gálásì tó dà bíi tiwa pàápàá: ní 2023, àwọn tó ń lo awò LAMOST ní Ṣáínà ka nǹkan bí 93,000 ìràwọ̀ aràrá ní àdúgbò òòrùn, wọ́n sì rí i pé ìpín ìbí ń yí pẹ̀lú ọjọ́ orí ìràwọ̀ àti iye èròjà wúwo inú rẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ dẹ́rù ba àwọn olùyẹ̀wò yín, ẹ fi èròjà wúwo dẹ́rù bà wọ́n, kì í ṣe ìṣùpọ̀.

Ohun tó yẹ kí ẹ ṣọ́ gan-an nìyí. Bí gálásì bá ń sáré wọ inú gáàsì gbígbóná tó kún Virgo, ìtẹ̀ gáàsì yẹn á máa ṣí gáàsì tirẹ̀ dànù láti ẹ̀bá wọ inú. Gálásì NGC 4522 jẹ́ àpẹẹrẹ tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Ìbí ìràwọ̀ á dúró ní ẹ̀bá náà. Láàárín nǹkan bí mílíọ̀nù ọdún 10, àwọn òmìrán ti kú, Hα ti lọ. Ìmọ́lẹ̀ ultraviolet yóò ṣì máa wá fún bíi mílíọ̀nù ọdún 100, nítorí àwọn ìràwọ̀ tó tẹ̀ lé wọn ní ìwúwo ṣì wà láàyè. Ẹni tó bá pín Hα sí ultraviolet níbẹ̀ yóò rí i pé òmìrán kò sí, yóò sì kọ ọ́ sínú ìwé pé ìṣùpọ̀ kò jẹ́ kí a bí òmìrán, nígbà tó jẹ́ pé a bí wọn, wọ́n sì ti kú. Mo fura pé díẹ̀ nínú ohun tí ẹ kà tó dá yín láàmú ti ibí yìí wá.

Ẹ lo Kroupa fún gbogbo wọn gẹ́gẹ́ bí alábòójútó yín ti wí. Ẹ ṣírò Hα lọ́tọ̀ àti ultraviolet lọ́tọ̀, ẹ má ṣe dà wọ́n pọ̀ sí nọ́ńbà kan. Ẹ ya òrùka ẹ̀bá sọ́tọ̀ kúrò lára àárín nínú gálásì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fi àwòrán gáàsì háídrójìn wò ó bóyá gáàsì ṣì wà níbẹ̀. Níbi tí gáàsì bá ti tán tí Hα sì kéré, gáàsì tí Virgo ti ṣí dànù ni ẹ rí. Níbi tí gáàsì bá pọ̀, tí ẹ ti yọ eruku kúrò dáadáa, tí ìdì ìràwọ̀ ibẹ̀ sì pọ̀ tó tí kò fi lè jẹ́ èèṣì, tí Hα ṣì kéré, ẹ mú un wá síbí pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀, nítorí èmi náà á fẹ́ rí i.